Ẹ wá sọ tiyín: ọjọ́ tí wọ́n fi nọ́ńbà wọn iṣẹ́ ìwádìí yín

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń ṣe láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, mo ń kọ ọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ní kí n kọ h-index mi sí, nọ́ńbà tí wọ́n ń rí láti inú ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn dárúkọ iṣẹ́ èèyàn nínú tiwọn. Àpótí kékeré ni, kò gbà ju nọ́ńbà méjì lọ. Mo ṣí Google Scholar, ọ̀kan lára àwọn ibi orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kà á, ó ní 14. Inú mi dùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yẹ Scopus wò, 11 ni mo bá níbẹ̀. Mo tún sáré lọ sí Web of Science, ó ní 9. Èèyàn kan náà, iṣẹ́ kan náà, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo! Ẹ̀rù bà mí láti wo ibi kẹrin.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé nígbà tí mo fara balẹ̀ wo 14 yẹn, mo rí iṣẹ́ mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí. Eyín tó ń jẹra ni ọ̀kan dá lé. Mi ò yẹ eyín ẹnikẹ́ni wò rí, àfi ti àwọn ọmọ mi. Ẹnì kan wà níbì kan tí orúkọ ìdílé wa jọra, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wa náà tún jọra, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ tèmi. Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, 14 di 13. Mo jókòó, mo ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n jí lówó, bẹ́ẹ̀ owó olówó ni.

Èwo ni kí n kọ? Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Akọ̀wé Ilé-Ìkàwé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ mi ojoojúmọ́ lẹ kàn yìí. Kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí oníkálukú wọn ń kà ni kò dọ́gba. Google Scholar ń ka fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó bá rí: ìwé oyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìjábọ̀, orí inú ìwé, iṣẹ́ tí kò tíì kọjá lọ́wọ́ olùyẹ̀wò. Scopus àti Web of Science ń ṣa jọ́nà ṣà ni. Jọ́nà tí wọn ò bá ṣà, ìtọ́kasí inú rẹ̀ kò sí lójú wọn.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò náà lójú yín, torí mo ti rí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ nọ́ńbà yìí sínú lẹ́tà tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń rí i. Ẹ to iṣẹ́ yín, kí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù wà lókè pátápátá. Ká ní ẹnì kan ní iṣẹ́ méje, tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 40, 22, 15, 9, 6, 5, 3. Ẹ fi ìka kà á bọ̀ láti òkè. Iṣẹ́ tí ìtọ́kasí rẹ̀ bá tó nọ́ńbà ipò rẹ̀ ló yege. Ìkarùn-ún ní 6, ó yege. Ìkẹfà ní 5, kò tó. Ẹ dúró síbẹ̀: 5 ni h-index onítọ̀hún. Ẹ wá wò ó o: bí 40 tó wà lókè bá di 4000, 5 náà ni. Àmọ́ bí ẹnì kan ṣoṣo bá tọ́ka sí ìkẹfà yẹn, ó ti di 6 nìyẹn. Jorge Hirsch ló gbé e jáde ní 2005. Onímọ̀ físíìsì ni, àwọn onímọ̀ físíìsì bíi tirẹ̀ ló sì ní lọ́kàn. Àwa tí a wà nídìí ọ̀rọ̀ ìlera, a kàn yá a lò ni.

Nínú fọ́ọ̀mù yín, ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ ibi tí ẹ ti mú un, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mú un. Nọ́ńbà tí kò ní ọjọ́, mi ò kà á sí ohunkóhun. Ní ti oníṣẹ́ eyín yẹn, ẹ gba ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn olùwádìí. Ó ti wà láti 2012, ọ̀fẹ́ ni, àmì 16 ni, kò sì sí ẹlòmíì tó máa jẹ́ tiyín. (Bí tiyín bá parí sí X, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.)

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi ìka kà á. Ìkẹrìnlá nínú iṣẹ́ mi ní ìtọ́kasí 13! Èyí tí a ṣe nípa bí èèyàn ṣe lè máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ nílé ni. Ẹyọ kan péré ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé lọ́wọ́, ẹ ṣàánú mi.

Baba Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́. Ìṣirò ni mò ń bá àwọn oníṣègùn ṣe. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ ńlá kan ní kí n bá wọn yẹ dátà apá kan wò. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni, mo ṣe é tọkàntọkàn. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde, àwọn tó kọ ọ́ ju 500 lọ, orúkọ mi wà láàárín wọn bí ẹyọ yanrìn nínú àpò. Kò pé ọdún méjì tí ìtọ́kasí rẹ̀ fi ju ti gbogbo ohun tí mo ti ń fi òru kọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ohun tí Akọ̀wé sọ lókè yẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu: h-index mi kò fi ju ẹyọ kan gòkè, torí iṣẹ́ kan kò lè fi ju ẹyọ kan kún un. Àpapọ̀ ìtọ́kasí ni gbogbo èèyàn ń rí. Mo lọ síbi ìpàdé kan, ẹni tó fẹ́ pè mí sórí pèpéle bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ti tọ́ka sí mi. Àwọn èèyàn ṣàtẹ́wọ́. Ojú gbà mí tì. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́jọ́ náà, ìtọ́kasí méje ló ní, òun ni mo sì mọ̀ dájú pé èmi ni mo ṣe é.

Nídìí ìṣègùn, ẹni àkọ́kọ́ nínú orúkọ ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀gá ló máa ń wà ní ìparí. Ẹni tó wà ní ipò 312 ńkọ́? h-index kò béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Baba Ìṣirò, tiyín dára o. Tèmi ni mẹ́rin. Ìtọ́kasí mẹ́rin, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án.

Iṣẹ́ náà dá lórí bí agbẹ̀bí ṣe lè fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin pàdánù lẹ́yìn ìbímọ. A ya àwòrán: aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ rin díẹ̀, èyí tó rin gbingbin, ẹ̀jẹ̀ inú abọ́, a kọ ìwọ̀n sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní dúró de ìṣirò, ìdí nìyẹn tí a fi yà á. Ọdún kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ bímọ níbì kan tí n kò dé rí. Mo gbójú sókè nínú yàrá ìrọbí, mo rí àwòrán wa lára ògiri. Wọ́n ti dà á kọ lọ́pọ̀ ìgbà títí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi di eérú. Wọ́n ti gé igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kó lè wọ férémù, igun tí orúkọ wa wà gan-an.

Mo bi agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti rí i. Ó ní, “Mà, ó ti wà níbí kí n tó dé.”

Àwọn tó ń lo iṣẹ́ mi kì í kọ pépà. Tí wọn ò bá kọ pépà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tọ́ka sí mi?

Akọ̀wé Ilé-Ìkàwé

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ pa mí lẹ́kún. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ iCite, NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, ló ni ín. Ó máa ń fi iṣẹ́ kan wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ìmọ̀ kan náà, kí wọ́n má baà máa fi agbẹ̀bí wé oníṣẹ́ jẹjẹrẹ, torí ibi tí èèyàn bá ti ń kọ̀wé púpọ̀ ni ìtọ́kasí ti ń pọ̀. Bó bá fún yín ní 1.0, ẹ wà ní àárín gbùngbùn àwọn tí NIH ń náwó fún. Altmetric, irinṣẹ́ mìíràn, náà máa ń wá orúkọ iṣẹ́ nínú ìwé ìlànà àwọn ìjọba. Ara ògiri ni kò sẹ́ni tó ń kà.

Mo-Ti-Jókòó-Níbẹ̀

Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga nígbà mẹ́fà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí. Ìwé àwọn èèyàn á ga lórí tábìlì, ilẹ̀ á máa ṣú, ó ti rẹ gbogbo wa. Nígbà náà ni nọ́ńbà máa ń dùn ún wò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ka gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú fáìlì, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ.

Nígbà kan, a ti fẹ́ fọwọ́ sí ti ọkùnrin kan tí h-index rẹ̀ jẹ́ 31. Ẹni tó kéré jù láàárín wa ló ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ta ló ń tọ́ka sí i?” A ṣí i. Òun fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nínú jọ́nà tí òun náà jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ilé dákẹ́. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí títí dòní, torí bí ọmọ yẹn bá panu mọ́, ǹ bá ti buwọ́ lù ú.

Impact factor ni àwọn kan ṣì ń bi wá. Jọ́nà ni wọ́n fi ń wọ̀n, kì í ṣe òǹkọ̀wé: iye tí wọ́n tọ́ka lọ́dún kan sí iṣẹ́ ọdún méjì tó ṣáájú, tí wọ́n fi iye iṣẹ́ ọdún méjèèjì pín. Ti Lancet, jọ́nà ìṣègùn ńlá kan, kò tó 100 fún ọdún 2020. Fún 2021, ó fò kọjá 200 nítorí ìwé Kòrónà. Ẹni tó kọ̀wé nípa orúnkún síbẹ̀ náà ti di ẹni 200.

Lancet kan náà ló gbé iṣẹ́ Andrew Wakefield jáde ní 1998, lórí ọmọ méjìlá, tó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára so mọ́ ọ́tísìmù. Ní 2010 wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ohun kan nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìtọ́kasí rẹ̀, ẹ máa rò pé ẹni ńlá ló kọ ọ́. Ẹni tó ń bú u àti ẹni tó ń yìn ín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi kún un.

Láti ìgbà tí àwa náà ti fọwọ́ sí ìkéde DORA, tó ní kí wọ́n má fi impact factor díwọ̀n èèyàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé kan ní San Francisco ní 2012, iṣẹ́ márùn-ún là ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, kó sì kọ ìlà mẹ́ta sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ni ó yí padà. Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àdúrótì o. Ní àná, mo ṣí Google Scholar, mo bá 14! Tèmi fúnra mi lọ́tẹ̀ yìí, kò sí eyín nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti tọ́ka sí ìkẹrìnlá. Mo dìde, mo jó díẹ̀, àwọn ìbejì ń wò mí.

Mo wá lọ ka iṣẹ́ ẹni tó tọ́ka sí mi. Ojú-ewé kẹta ni orúkọ mi wà. Wọ́n ní aṣọ tí a so mọ́ apá àwọn èèyàn nígbà tí a ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kéré jù fún àwọn tí apá wọn tóbi, pé ó mú kí nọ́ńbà wa ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbára lé èsì wa.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo kọ ọ́ sínú àpótí náà bí Akọ̀wé ṣe wí: 14, Google Scholar, ọjọ́ àná. Díẹ̀ ló kù kó má gbà á.