"Ẹyọ purotéènì" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "omi kíkan"

Ẹ̀yin ará, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún ásíìdì àmínò (àwọn ègé kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì) nínú ìwé ìléwọ́ àwọn tó ń sin ẹṣin ní Sábó Òṣogbo: "omi kíkan ara", "amẹ́ṣinlágbára" àti "ẹyọ purotéènì". Ẹ̀kẹta ni tèmi.

Ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì àmínò ni láísìnì, ìyẹ̀fun sì ni èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹni tó bá ka "omi kíkan" lè lọ da ọtí kíkan sí oúnjẹ ẹṣin. "Amẹ́ṣinlágbára" tilẹ̀ burú jù ú lọ, torí inú koríko, ọkà àti ọ̀rá ni agbára eré sísá ti ń wá.

Ara a máa sín àwọn ẹyọ yìí pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, wọn á di iṣan, irun àti pátákò. Èyí tí ara ò lè dá ṣe, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹyọ kòṣeémánìí". Èyí tó máa ń kọ́kọ́ tán nínú wọn, tí ìsín á fi dúró, mo dábàá "atètètán". Láísìnì ni atètètán ẹṣin. Tó bá ti tán, ara á fọ́ àwọn yòókù, á sì tọ̀ wọ́n dànù. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi lè máa jẹ purotéènì púpọ̀, kó máa mu omi ṣáá, kí ilé rẹ̀ máa rùn tìtọ̀tìtọ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún rù.

Ẹṣin 300 kìlógíráàmù tí kò ṣiṣẹ́ nílò láísìnì bíi gíráàmù 16 lóòjọ́. Kìlò àgbàdo kan kò ní ju bíi gíráàmù 3 lọ. Kìlò sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní bíi 28. Nítorí náà, sóyà ni kí ìwé wa kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan ìyẹ̀fun. Sóyà tó ti rí iná dáadáa ni o! Tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí purotéènì dà nínú ìfun. Kí wọ́n fi í kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10.

"Àfikún" ni kí a pe láísìnì, kì í ṣe "oògùn". Ara tó bá yá á fi oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ẹṣin nílò láísìnì.

Ìtumọ̀ tí ẹnì kan kọ, pé láísìnì jẹ́ "èròjà oúnjẹ adìyẹ", ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá kà á lè bu oúnjẹ adìyẹ fún ẹṣin, bẹ́ẹ̀ wọ́n sábà máa ń fi monensin, tó ń dènà àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ, sínú rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, ó sì ń pa á. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "láísìnì: ẹyọ purotéènì, àfikún tí a rà lọ́tọ̀, kì í ṣe oúnjẹ adìyẹ".