Ìgbà wo lo mọ̀ pé o ti di àgbà?

Ní tèmi o, ọ̀dọ̀ dókítà ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, inú ń run mí, èmi àti màmá mi sì jọ lọ bí a ṣe máa ń lọ. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, màmá mi ti fèsì kí n tó la ẹnu. Ó tún bi mí bóyá oògùn kan wà tí kì í bá mi lára mu, màmá mi tún ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀."

Bó ṣe di èmi àti òun nìkan nìyẹn, ó mú bírò dání, ó ń wojú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n fún mi ní oògùn kan rí ní kékeré tí ojú mi wú, àmọ́ kí ni wọ́n ń pè é? Màmá mi ló mọ̀ ọ́n. Dókítà ní kí n lọ bi wọ́n, kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ó wá nawọ́ sí ibi tí màmá mi ti máa ń fọwọ́ síwèé, ó ní èmi ló kàn. N ò ní bí mo ṣe ń fọwọ́ síwèé rí. Mo kọ orúkọ mi gbọọrọ bí ọmọ iléèwé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ oògùn tí mo lò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo gbà sí. (Màmá mi ṣì ń pè láti rán mi létí o, ìyẹn ò lè yí padà.) Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, fi ọdún 18 pààlà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè náà sì ń lò ó. Kò burú. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń bá a pe ọ̀gá rẹ̀ pé ara rẹ̀ ò yá.

Ọmọ tó kéré jù níbi iṣẹ́ wa ni mo ti rí ohun tí jíjẹ́ àgbà jẹ́. Ìwé oníbàárà kan ṣìnà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwa àgbà ti ń múra láti di ẹ̀bi náà ru íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ yìí dìde: "Èmi ni mo fi ránṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti pe ẹni náà, ó ti pa á rẹ́. Lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí oníbàárà wa rèé." Ọ̀gá kàn gba lẹ́tà, ó kà á. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé "ẹ má bínú" lásán ò tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Èmi ni àkọ́bí. Àbúrò mi fọ́ ife, èmi ni wọ́n ń bi. Ẹrù tó pọ̀ lórí mi kì í ṣe tèmi, ọgbọ́n àtisọ̀ ọ́ ni mo ń kọ́ báyìí. Láìpẹ́ yìí ni àbúrò mi ní kí n bá òun kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Mo ní, "Kọ ọ́ ránṣẹ́, màá bá ẹ kà á." Ó bínú, kò pè mí fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà náà wá dé, àṣìṣe kún inú rẹ̀. Mo fàlà sábẹ́ wọn, mo dá a padà. Kò tíì ríṣẹ́ o, àmọ́ ó ti kọ òmíràn, kò sì fi hàn mí kó tó fi ránṣẹ́.