Àbọ̀ ìrìn-àjò wa lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Danube

Mo bèèrè lọ́wọ́ yín nígbà kan bóyá láti Passau ní Jámánì ni kí èmi àti ìyàwó mi ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Vienna, olú ìlú Austria, tàbí kí a gba òdìkejì, mo sì ṣèlérí pé n óò wá jábọ̀. Passau ni a ti gbéra, ẹ sì ṣeun, nítorí pé bí odò ṣe ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn ni ọ̀nà náà ń rọra dà gẹ̀rẹ́, tí atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn sì ń tì wá lẹ́yìn. Wọ́n fàlà sí ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú Passau láti fi ibi tí omíyalé dé hàn. Ìyàwó mi nawọ́ sókè títí, kò tó ìlà ti ọdún 2013.

Láàárín ìlú Melk àti Krems ní Austria ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí ọgbà àjàrà àti ti èso ápíríkọ́ọ̀tì ni ó kún ibẹ̀. Ní Dürnstein, ìlú kékeré kan láàárín wọn, a gòkè lọ wo àwókù ilé olódi tí wọ́n ti Richard Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ ní 1192. (Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ sí o!) Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ padà, ẹ tètè gba àyè kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn, mo sì pa á dé.