Ẹ gbà mí o: ṣé kí n fi Android sílẹ̀ fún iPhone?

Ọmọ Lágéré: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi kọ ápù kan fún àwọn aránṣọ, kí wọ́n máa tọ́jú ìwọ̀n oníbàárà síbẹ̀: àyà, ìdí, gígùn apá. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tàn lóru, ìyàwó mi ń bínú nítorí owó epo. Wọ́n lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń pè mí ní ọlọ́pọlọ pípé. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n máa san ₦1,000 lóṣù, gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Ahun làwọn oní-Android! Àjọ mi ń bọ̀ lóṣù yìí, mo fẹ́ fi ra Mac, kọ̀ǹpútà Apple, kí n kọ ti iPhone.

Ẹlẹ́rọ Mọ́dákẹ́kẹ́: Àbúrò, rọra. $25 ni Google gbà lọ́wọ́ rẹ kí o tó lè gbé ápù sórí ìsọ̀ wọn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. $99 ni ti Apple, ọdọọdún. Lóòótọ́, àwọn oní-iPhone ń náwó sí ápù ju àwa lọ, bí Android tilẹ̀ pọ̀ jù láyé. Ṣé Lágéré n'Ífẹ̀ níbí làwọn yẹn ń gbé?

Ìyá Ìbejì: Ẹ dá mi lóhùn kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra iPhone, ojú fóònù náà ti fọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń tọrọ dátà. Ìyẹn ló máa sanwó ápù?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ká má purọ́, ápù iPhone dán jù. Apple nìkan ló ń ṣe iPhone. Tecno, Infinix, itel, Samsung, Android ni gbogbo wọn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí èyí lè dákú lórí ìyẹn.

Ẹlẹ́rọ Mọ́dákẹ́kẹ́: Ta ló bi ọ́ ní ti dídán? Aránṣọ mélòó ló ní iPhone?

Ọmọ Lágéré: Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ọ̀kan, ní Mayfair n'Ífẹ̀ níbí.

Aránṣọ Ẹnuwá: Ọmọ mi, aránṣọ lèmi náà. Owó òwú mi ju ₦1,000 lọ. Kí ló lé wọn sá?

Ọmọ Lágéré: Màmá, kò tó nǹkan. Mo ṣe àtúnṣe kan, ìwọ̀n àwọn kan bá a lọ. Fóònù wọn ni ò láàyè. Mo ti bẹ̀ wọ́n.

Aránṣọ Ẹnuwá: Ìgbà wo?

Ọmọ Lágéré: December.

Aránṣọ Ẹnuwá: Aṣọ Kérésì! Àwọn mélòó?

Ọmọ Lágéré: Mọ́kànlá, nínú mẹ́rìnlá.

Ìyá Ìbejì: Yéè!

Aránṣọ Ẹnuwá: Eku ti jẹ etí ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n sí. Aṣọ ìyàwó tí mo rán lọ́dún 2011, ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.