Àyangbẹ, àsun tàbí àyanrọ̀? Èsì lórí orúkọ tí a ó pe bábékíù

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ojúgbà mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tí ògbufọ̀ kan láàárín wa tó ń gbé ní Houston gbé síwájú wa ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún un pé kí ó kọ ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá fún àwọn òbí tó ń ti ilé wá kí àwọn ọmọ wọn ní Texas, kí ìwé náà sì ṣàlàyé irú ilé oúnjẹ tí wọ́n lè mú wọn lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti há sí i lọ́wọ́ ni ilé oúnjẹ olówó ńlá tí wọ́n ti ń ta bábékíù ti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó bi wá pé kí ni òun yóò pe ẹran náà, kí ni òun yóò pe ilé náà, báwo ni òun yóò sì ṣe jẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé ilé náà kì í ṣe búkà lásán. Àbá mẹ́rin ló ti wọlé: "ẹran sísun", "àsun", "ẹran orí pẹpẹ", àti pé kí a kúkú fi "bábékíù" sílẹ̀ bó ṣe wà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn tó dá wọn, n kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí à ń sọ lórúkọ. Ní Texas, igẹ̀ màlúù ni olórí ẹran yìí. Igẹ̀ yi púpọ̀, nítorí pé ìwúwo ara ẹranko náà wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, iṣan sì kún inú rẹ̀. Bí a bá gbé e lé iná tó ń jó, yóò le bí awọ bàtà. Ohun tí àwọn alásè náà ń ṣe ni pé wọ́n á fi iyọ̀ àti ata dúdú pa á lára, wọ́n á gbé e sínú ààrò irin tí iná rẹ̀ wà lápá kan, kí ooru àti èéfín igi óákù lè máa gba orí ẹran kọjá láìjẹ́ pé ọwọ́ iná kàn án. Ooru inú ààrò náà kì í sábà ju nǹkan bí 107 sí 135 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, ẹran náà sì lè wà níbẹ̀ fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àkókò yẹn ni iṣan tó yi náà yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ẹran yóò fi rọ̀ débi pé ìka ọwọ́ yóò pín in.

Ní ìlà oòrùn North Carolina àti ní apá kan South Carolina, odindi ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò. Rodney Scott, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ ní ìlú Hemingway ní South Carolina, tó sì ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Charleston ní ọdún 2017, a máa dáná igi nínú àgbá irin títí igi yóò fi di ẹ̀yín iná, yóò sì fi ṣọ́bìrì kó ẹ̀yín iná náà sábẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láti òru mọ́jú. Ní ọdún 2018 ni àjọ James Beard, tó ń bu ọlá fún àwọn alásè ní Amẹ́ríkà, fún un ní ẹ̀bùn alásè tó dára jù lọ ní agbègbè gúúsù ìlà oòrùn. Kí a má sì gbàgbé pé lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wà láyé àtijọ́: àwọn ni wọ́n ń gbẹ́ kòtò, tí wọ́n ń la igi, tí wọ́n ń ṣọ́ iná lóru nígbà àpèjẹ àwọn olóko. Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, "ọ̀gá ìdí ààrò" tí ẹnì kan ti dá lábàá tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwọn àbá náà yẹ̀ wò. Ẹni tó gbé "sísun" kalẹ̀ mú Bíbélì ṣe ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: nínú Ẹ́kísódù orí 12, sísun nínú iná ni ọ̀rọ̀ tí a lò fún ọ̀dọ́ àgùntàn Ìrékọjá, a sì fi í ta ko èyí tí a fi omi bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ka ibẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹran yẹn ti di àmùrè, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, a sì ní kí wọ́n yára jẹ ẹ́ nítorí pé wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni "sun" ṣe rí lẹ́nu wa títí dòní: a ń sun iṣu, a ń sun àgbàdo, a ń sun igbó, ojú iná ni ohun tí à ń sun sì máa ń wà. Ẹni tó bá sun iṣu láti alẹ́ di òwúrọ̀, eérú ni yóò bá nídìí ààrò.

Ní ti "àsun", ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹni tó ni ín. Oúnjẹ tí a mọ àwọn ará Oǹdó mọ́ ni, ẹran ewúrẹ́ tí a sun tòun tawọ, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí pọ̀. Bí a bá sọ fún ìyá kan láti Oǹdó pé àsun ni a fẹ́ mú wọn lọ jẹ ní Houston, tí a wá gbé igẹ̀ màlúù tí kò ta wọn lẹ́nu síwájú wọn, wọ́n á ní a tan àwọn jẹ ni, wọn kò sì ní jẹ̀bi.

Àbá kẹta wá láti inú ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé àwọn Taíno, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní erékùṣù Kàríbéánì, ní ọ̀rọ̀ kan fún pẹpẹ onígi tí wọ́n ń tẹ́ ẹran sí lókè iná, pé àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di "barbacoa", àti pé ibẹ̀ ni orúkọ òde òní ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwa, ẹni tó bá gbọ́ "ẹran orí pẹpẹ" yóò bèèrè ẹni tó rúbọ.

"Bábékíù" fúnra rẹ̀ ni ó ṣòro jù láti kọ̀, nítorí pé ó ti wọ inú èdè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn ló ń jẹ́ nílé. Nílé, bí wọ́n bá pe ẹja tàbí adìyẹ ní bábékíù, èyí tí wọ́n tẹ́ sórí wáyà lókè èédú tó ń jó, nínú àgbá tí wọ́n là sí méjì, ni wọ́n ń sọ, kò sì ní pẹ́ kí ó tó jinná. Àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní orúkọ mìíràn fún ìyẹn, inú wọn kì í sì í dùn bí a bá pa méjèèjì pọ̀. Kí ọ̀rọ̀ àyálò náà dúró síbi tó wà, kí a wá ọ̀rọ̀ tuntun fún nǹkan tuntun.

Tèmi nìyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó sún mọ́ iṣẹ́ yìí jù lọ nínú èdè wa ni "yan". A ń yan ẹja, a ń yan ẹran ìgbẹ́. Iná rẹ̀ kì í pọ̀, èéfín wà níbẹ̀, ó sì ń gba sùúrù. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí "àyangbẹ", tí gbogbo wa mọ̀ nínú òwe tó ní àyangbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí ni a ó jẹ kí ajá tó gbẹ. Ìdí tí a fi ń yan nǹkan gbẹ ni kí omi kúrò lára rẹ̀, kí ó má bàa bàjẹ́. Ọ̀gá ìdí ààrò ní Texas, ní tirẹ̀, ọ̀tá gbígbẹ ni. Ó máa ń débì kan tí omi tó ń jáde lára igẹ̀ yóò máa tù ú, tí ooru inú ẹran náà kò ní gòkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì fi bébà wé e ní àkókò yẹn, kí ó lè jinná láìgbẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ jọra, ohun tí a ń lépa ni ó yàtọ̀. Mo ní kí a di "yan" mú, kí a yọ "gbẹ" kúrò, kí a fi "rọ̀" sí ipò rẹ̀: àyanrọ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà dá a kò ṣàjèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe rí "àgúnmu" àti "àsèjẹ", tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn àfòmọ́ "à". Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, pé kí a má gbàgbé àmì ohùn: "yan" inú rẹ̀ kò gba àmì kankan. Ẹni tó bá sọ ọ́ di "yàn" ti gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ àyànmọ́, ẹni tó bá sì sọ ọ́ di "yán" ti sọ ọ́ di ọmọ ìdílé onílù.

Ọ̀rọ̀ "gúúsù" náà ní pàkúté nínú. Bí a bá kọ "àyanrọ̀ ti Gúúsù Amẹ́ríkà", ilẹ̀ Brazil àti Ajẹntínà ni òǹkàwé yóò rò, ẹran sì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìhà gúúsù Brazil ni wọ́n ti mọ churrasco dunjú, ẹran tí wọ́n gún mọ́ irin gígùn, tí wọ́n sì ń gbé kiri láti orí tábìlì kan dé èkejì, tí wọ́n ń rẹ́ ẹ sínú àwo oníbàárà. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ ní kíkún: ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí ó bá gùn, kí ó gùn.

Ó ku bí a ó ṣe sọ pé ilé náà jẹ́ ti olówó. "Ìpele òkè" tí ẹnì kan kọ kì í ṣe Yorùbá lójú tèmi. Bí mo bá gbọ́ ọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo máa wò. "Ìgbàlódé" kò dára jù ú lọ, nítorí pé ohun tí ilé wọ̀nyí ń fi yangàn ni pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà bí ti àtijọ́. Mo dábàá "ọlọ́lá" fún ilé tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, tí agbáwo ń dúró ti oníbàárà, tí wáìnì wà, tí a sì ń dá àyè sílẹ̀ kí a tó lọ. Ṣùgbọ́n kí ògbufọ̀ wa ṣọ́ra, nítorí pé nínú iṣẹ́ yìí, ọlá àti òkìkí kì í fi ìgbà gbogbo gbélé kan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìwé atọ́nà Michelin, tó ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù lọ́lá, fún ilé mẹ́rin tó ń ta àyanrọ̀ ní Texas ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan: InterStellar BBQ, la Barbecue àti LeRoy and Lewis ní Austin, pẹ̀lú CorkScrew BBQ ní Spring, tí kò jìnnà sí Houston. Síbẹ̀, àṣà irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí oníbàárà tò sórí ìlà, kí wọ́n wọn ẹran fún un, kí wọ́n sì gbé e fún un lórí bébà tí wọ́n tẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ. Irú ilé yìí, "olókìkí" ni kí a pè é. Àgbàlagbà tí a bá sọ fún pé ilé ọlọ́lá ni, tí ó wá bá ara rẹ̀ lórí ìlà nínú oòrùn Texas, yóò ní ẹjọ́ láti rò.

Ohun tí wọ́n ń dà sí ẹran kò yẹ kí ó gba àkókò wa. "Omi ọbẹ̀" tó o: omi ọbẹ̀ ọlọ́tí-kíkan fún ti ìlà oòrùn North Carolina, oní-músítádì fún ti South Carolina, onímáyónéèsì funfun fún ti ìhà àríwá Alabama.

Àwọn oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ wá lé lórí. Ẹnì kan ti dá "erèé olójú dúdú" sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà tí à ń jẹ nílé ni, Áfíríkà ni ó sì ti dé ibẹ̀, òun àti ilá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà máa jẹ́ ẹ̀wà, kí ilá máa jẹ́ ilá, kí ẹ̀fọ́ sì máa jẹ́ ẹ̀fọ́. Ohun tí ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ni pé wọ́n sábà máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ se ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà náà. Ọ̀pọ̀ òbí wa ni Mùsùlùmí, àwọn Kristẹni kan náà kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Nítorí èyí ni mo fi ní kí a má kọ "àyanrọ̀" lásán nínú ìwé náà, kí orúkọ ẹranko máa tẹ̀ lé e: àyanrọ̀ màlúù, àyanrọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ará Texas lè ní màlúù lọ́kàn bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará North Carolina, ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Gbólóhùn tí mo fi ránṣẹ́ sí ògbufọ̀ wa nìyí, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: "Ilé oúnjẹ ọlọ́lá tó ń ta àyanrọ̀ ti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: igẹ̀ màlúù, egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀, àti apá ẹlẹ́dẹ̀ tí a fà ya, gbogbo rẹ̀ ni a fi èéfín igi óákù rọra yan."

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ara igẹ̀ náà máa ń dúdú lóde, ó máa ń le díẹ̀, adùn iyọ̀ àti ata sì máa ń pọ̀ síbẹ̀ ju inú lọ; àwọn oníbàárà a máa bèèrè rẹ̀ ní pàtó. "Èépá" tí ẹnì kan dárúkọ, ara ọgbẹ́ ni a ti mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ nídìí oúnjẹ. "Èèpo" ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ohun tí a ń bó dànù ni èèpo lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Àwọn ará wa láti Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n mọ ẹja yíyan dunjú, ṣé orúkọ wà tí ẹ ń pe ara ẹja níta lẹ́yìn tí èéfín bá ti mú un dúdú tí ó sì ti le?