Ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré: ti Hornby àbí ti Märklin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú irin Hornby, ilé iṣẹ́ rélùwéè ìṣeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ní nílé, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Märklin ti Jámánì wù mí púpọ̀, nítorí pé ó wúwo, irin ni wọ́n sì fi ṣe ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ǹjẹ́ ó lè sáré lórí ohun tí mo ní?

Ìdáhùn kìíní: Rárá o. Ìbú ojú irin méjèèjì dọ́gba, mìlímítà 16.5, ìyẹn ló sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Láàárín ojú irin ni Märklin ti ń gba iná, láti orí àwọn ìṣó kéékèèké tí irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ń fara kàn bó ti ń lọ, nígbà tí Hornby ń gba tirẹ̀ láti ara ọ̀pá irin ọ̀tún àti ti òsì. Ẹsẹ̀ Märklin so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, nítorí náà iná ọ̀tún àti ti òsì yóò pàdé ni, ẹ́ńjìnnì náà kò sì ní lè sáré.

Ìdáhùn kejì: Ẹ wá Trix, ẹ jọ̀ọ́. Märklin náà ló ni ín, ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan náà fún ọ̀pá irin méjì. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n 1:87 ni tirẹ̀ (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 87), Hornby sì jẹ́ 1:76, nítorí náà ẹ má ṣe so kẹ̀kẹ́ akérò Hornby mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò tóbi jù ú lọ lójú.