‘Ẹ̀rọ ìfidátàpamọ́’: ‘fi pamọ́’ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ti gbé ‘ẹ̀rọ ìfidátàpamọ́’ wá síbí gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún storage, ẹ̀rọ tó ní ọ̀pọ̀ dísíkì tí àwọn kọ̀ǹpútà ń kó dátà sí, mo dákẹ́, mo ń ka ohun tí kálukú ń kọ. Àwọn kan ní ó ti dára, kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Arákùnrin wa tó wà ní Houston ní ‘afidátàpamọ́’ ló yẹ kó jẹ́, torí pé a- ni wọ́n fi ń ṣẹ̀dá orúkọ ẹ̀rọ. N kò lè dákẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Èmi ni mo ń gbé àwọn ẹ̀rọ náà sórí pẹpẹ (ohun tí òyìnbó ń pè ní rack) ní Èkó, tí mo ń fa okùn wọn, tí mo sì ń fi Yorùbá ṣàlàyé wọn fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ a- àti ì- kò yẹ kó dá wa dúró. A ní amúlétutù àti amúnáwá, a sì ní ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Méjèèjì wà nínú èdè wa, ọ̀kan kò lè lé èkejì jáde. ‘Fi pamọ́’ ni mo ń bá jà.

Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí ilé ìfowópamọ́. Wọ́n ní bí ‘fi owó pamọ́’ bá lè di ìfowópamọ́, kí ló dé tí ‘fi dátà pamọ́’ kò ní di ìfidátàpamọ́? Gírámà rẹ̀ gún, n kò jiyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò gún. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Bí mo bá ní kí o tọ́jú nǹkan, wàá gbé e síbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o. Bí mo bá ní kí o fi í pamọ́, wàá gbé e kúrò lójú. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ìkìrun kò ṣi àwọn méjèèjì lò rí. Owó inú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní owó tí wọ́n fi pamọ́. Owó ọjà, èyí tó ń wọlé tó ń jáde láàárọ̀ lálẹ́, ẹnu wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ara owó tí olówó kò fẹ́ kí ọwọ́ kàn ni ilé ìfowópamọ́ ti jogún orúkọ rẹ̀, ó sì bá a mu.

Kò bá storage mu. Ohun tó wà lórí àwọn dísíkì yẹn, sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, lè kà á kí wọ́n sì kọ sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá ń ṣètò iṣẹ́ tuntun, iye ìgbà tí wọ́n máa kà á àti iye ìgbà tí wọ́n máa kọ sí i ni mo kọ́kọ́ ń bi oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń béèrè àyè.

Ẹ wo ohun tí orúkọ lè dá sílẹ̀ lórí àyè yẹn náà. Mo kó dísíkì 12 wọlé fún ẹnì kan, 10 TB (terabáìtì, ìwọ̀n àyè dátà) lọ́kọ̀ọ̀kan. 120 TB ló sanwó fún. Ọ̀kan nínú wọn ń dúró lásán de ọjọ́ tí òmíràn bá kú. Nínú 11 tó kù, RAID 6, ètò tó ń pín dátà káàkiri ọ̀pọ̀ dísíkì kó má baà sọnù bí dísíkì bá kú, gba ìwọ̀n dísíkì méjì fún ìṣirò tí a fi ń dá dátà padà bí méjì bá bàjẹ́ pọ̀. Ó ku 90 TB. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan láti báìtì dé TB, ìpele mẹ́rin, kọ̀ǹpútà ń ka 1,024 níbi tí ẹni tó ta dísíkì ti ka 1,000, nítorí náà nǹkan bí 82 ló hàn lójú ẹ̀rọ. ‘Ìfipamọ́’ ni wọ́n ti fi ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún oníbàárà mi kí n tó dé. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, “Níbo lẹ fi ìyókù pamọ́ sí?” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbin ìfura sí i lọ́kàn. Mo ní láti jókòó tì í pẹ̀lú bébà àti bírò kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù kò ní í ṣe pẹ̀lú àyè. RAID, tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Berkeley, Patterson, Gibson àti Katz, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1988, ń gba dátà lọ́wọ́ ikú dísíkì. Kò lè gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Ilé iṣẹ́ kan wà tí òṣìṣẹ́ wọn pa fódà owó oṣù rẹ́. Gbogbo dísíkì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe ní kí wọ́n máa ṣe. Wọ́n bi mí pé, “Ṣebí ẹ ní ó wà ní ìpamọ́?” Wọn kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yín wúlò nìyẹn. Ẹ̀dà tí a ṣe, tí a gbé lọ sílé mìíràn, tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, òun ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀dà ìfipamọ́. Bákọ́ọ̀pù nìyẹn. Téèpù tí a yọ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, tí a tì mọ́nú àpótí, wà ní ìpamọ́ lóòótọ́.

Fún storage gan-an, àká ni mo mú wá. Inú àká ni àgbẹ̀ ń kó ọkà sí, ibẹ̀ náà ló ti ń bu èyí tó máa jẹ, èyí tó máa tà àti èyí tó máa gbìn. Ìyá wa kan níbí ní ọmọ Èkó kò mọ àká mọ́, kí a kúkú sọ pé abà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Lágbègbè Ìbàdàn, abà ni ibi tí èèyàn ń gbé lóko, odindi abúlé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ Èkó kò bá mọ àká, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ. Pẹpẹ tí mo ń pe rack ńkọ́, tí àwọn ọmọ ìjọ ń bínú sí torí pé pẹpẹ ìrúbọ ni wọ́n mọ̀? Àwọn ìyá ọlọ́jà ń to ọjà sórí pẹpẹ, kò sí ẹni tó rò pé ẹbọ ni wọ́n ń rú.

Ẹ̀gbọ́n kọ̀wé pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí àwọn tó ń ta ko àwọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọjọ́ orí yín. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ kò sì tíì wọ ilé ọmọ yìí. Rack Centre, ilé tí wọ́n ń to irú ẹ̀rọ wọ̀nyí sí, ti wà ní Orẹ́gùn láti 2013, ti MainOne, tí ilé iṣẹ́ Equinix rà ní 2022, wà ní Lekki. Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta 2024 tí àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun gé lẹ́bàá Àbíjàn: ẹni tó kó gbogbo dátà rẹ̀ sókè òkun mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn ń ṣe fún èèyàn. Bí ẹ bá wọ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí pẹpẹ 42U (U ni ìwọ̀n gíga àyè kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ), tí a to àwọn dísíkì tó wúwo sísàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà dojú dé. Atẹ́gùn tútù ń gba iwájú wọlé, ooru ń gba ẹ̀yìn jáde. Okùn iná méjì ń bọ̀ láti orísun méjì, UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ) àti amúnáwá sì wà lẹ́yìn wọn nítorí a mọ irú iná tí a ní. Okùn fáíbà tó ń gbé dátà náà gba ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan lè já kí sáfà má tilẹ̀ mọ̀. Bí dísíkì 10 TB kan bá kú, títún dátà rẹ̀ kọ sórí òmíràn ń gba ohun tó lé ní wákàtí 18 bó bá ń kọ 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan (mílíọ̀nù MB kan ló wà nínú TB kan), àwọn èèyàn á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Nítorí kí ọwọ́ lè máa tó dátà ni a ṣe ń ná gbogbo owó yẹn. Orúkọ tó sọ pé a gbé e kúrò lójú ti pa wá lẹ́nu mọ́.

Lórí ‘dátà’ fúnra rẹ̀, mo gbà pé wàhálà wà. Nígboro, dátà ni èyí tí wọ́n ń rà sórí fóònù. “Dátà mi ti tán” ni gbogbo èèyàn ń sọ. Arábìnrin wa ní Peckham ní kí a lo ìwífún. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń tò jọ lóru, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà, ta ló wí i fún? N kò gbà, òun náà kò gbà fún mi.

Ìwé ìlànà tí mo ń kọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ti dé orí kẹta. Àká dátà ni mo kọ síbẹ̀. ‘Àkáa dátà’ ni ẹnu ń pè é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í kọ ‘ọmọọ Délé’ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìyẹn, mo wà níbí. Controller, ẹ̀yà tó ń darí bí a ṣe ń kà àti bí a ṣe ń kọ sórí àwọn dísíkì, ló kù tí n kò rí orúkọ fún. Ẹ̀gbọ́n ní ‘adarí’, àmọ́ méjì ló sábà ń wà nínú àká kan, tí ọ̀kan á gba iṣẹ́ èkejì ṣe bó bá kú. Adarí méjì nínú ilé kan kò dùn létí mi. Ta ló ní èyí tó sàn ju ìyẹn lọ?